Èèpo Ẹ̀pà Kì í Ṣe Pósí Ẹ̀lírí: Ìṣelámèyítọ́ Àtòjọ Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ajọra fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Jẹ́ Ọmọ Yorùbá

Àṣamọ̀

Ó ti pẹ́ tí àwọn ìwé ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń to àwọn ọ̀rọ̀ tí sípẹ́lì wọn jọra ní méjì-méjì, tí wọn yóò sì kọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ wọn sórí. Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọgbọ́n ìkọ́ni náà. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ da oríṣi ìdàrúdàpọ̀ mẹ́ta tí orísun wọn yàtọ̀ síra pọ̀ mọ́ra: èyí tí ó jẹ́ ti ojú, èyí tí ó jẹ́ ti etí gbogbo ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àti èyí tí ó jẹ́ ti etí àti ẹnu ọmọ Yorùbá. Tíọ́rì ìfèdèwédè àti ti ìtúpalẹ̀ àṣìṣe ni iṣẹ́ náà gùn lé. Àbájáde rẹ̀ ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ yẹ etí akẹ́kọ̀ọ́ wò kí ó tó dé orí sípẹ́lì, àti pé ìmọ̀ nípa ohùn àti àkọtọ́ Yorùbá jẹ́ irinṣẹ́ tí ó ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ fún iṣẹ́ yìí.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ohun kan wà nínú òwe yìí tí a kì í sábà fiyè sí. Àfiwé náà yé olùgbọ́ nítorí pé ó ti mọ èèpo ẹ̀pà tẹ́lẹ̀, ó sì ti mọ ohun tí à ń pè ní pósí. Bí ẹni tí kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì rí bá gbọ́ òwe náà, ìjọra tí a ń sọ kò ní là á lóye. Ó lè máa rò pé ohun kan náà ni wọ́n.

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Yorùbá, irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ni a fi ń kọ́ni ní àwọn ọ̀rọ̀ tí sípẹ́lì wọn jọra. Olùkọ́ yóò fa ìlà sí àárín pátákó, yóò kọ 'principal' sí apá kan àti 'principle' sí apá kejì, yóò sọ ìtumọ̀ wọn, yóò sì bọ́ sórí méjì mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ a dà á kọ, a kọ́ ọ sórí, a sì gba máàkì nínú ìdánwò ránpẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó bá wá kan àròkọ kíkọ, àwọn ọ̀rọ̀ náà a tún wọnú ara wọn.

Àpẹẹrẹ irú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ nìyí: 'The room was quite. Our principle did advice me to leave with my uncle.' Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́, àti pé ọ̀gá ilé-ìwé gba òun nímọ̀ràn láti máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá òun. Àṣìṣe mẹ́rin ni olùkọ́ yóò fi bírò pupa yí po: 'quite' dípò 'quiet', 'principle' dípò 'principal', 'advice' dípò 'advise', àti 'leave' dípò 'live'. Lójú àtòjọ, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ǹjẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n lóòótọ́?

2.0 Àtòjọ Méjì-méjì àti Àwọn Tí A Ṣe É Fún

Ọ̀kan lára àwọn tí ó sọ àtòjọ yìí di ohun tí ayé mọ̀ ni H. W. Fowler, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé Sedbergh rí. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ A Dictionary of Modern English Usage, tí ó jáde ní 1926, ó kó ọ̀rọ̀ méjì-méjì jọ sábẹ́ àkọlé 'Pairs and Snares', èyí tí a lè túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ méjì-méjì tí ó jẹ́ pańpẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni ọ̀pọ̀ ìwé gírámà àti ìwé ìgbáradì fún ìdánwò ń lò títí di òní.

Kò sí ohun tí ó burú nínú àtòjọ Fowler fún àwọn tí ó kọ ọ́ fún. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Onítọ̀hún ti mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó sì ti ń lò wọ́n; ìkìlọ̀ nìkan ni ó kù fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àtòjọ náà dé ọwọ́ ọmọ tí ó jẹ́ pé ilé-ìwé ni ó ti kọ́kọ́ pàdé Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́. Ó ti di ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò mọ 'complement' tí kò sì mọ 'compliment' ni a wá sọ fún pé kí ó má ṣe fi ọ̀kan pe èkejì. Ìdàrúdàpọ̀ tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a gbìn sí i.

Àwọn onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè àjèjì ti ṣàkíyèsí èyí. Batia Laufer pe irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 'synforms' nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1988, ó sì fi hàn pé ìṣòro wọn fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè àjèjì tó ohun tí a ń dá yẹ̀ wò láyè ara rẹ̀. Paul Nation náà, tí ó kọ ìwé pàtàkì lórí kíkọ́ ọ̀rọ̀ èdè àjèjì ní 2001, kò fara mọ́ ọn pé kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ tuntun méjì tí wọ́n jọra lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí òwe èèpo ẹ̀pà ti sọ náà nìyí: mímọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú fífi wọ́n wéra.

3.0 Tíọ́rì Tí Iṣẹ́ Yìí Gùn Lé

Tíọ́rì méjì ni ó wúlò fún àyẹ̀wò yìí. Àkọ́kọ́ ni ìfèdèwédè, tí Robert Lado ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Linguistics Across Cultures ní 1957. Ohun tí ó sọ ni pé ibi tí èdè abínibí àti èdè tí à ń kọ́ bá ti yàtọ̀ síra ni ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pọ̀ sí. Èkejì ni ìtúpalẹ̀ àṣìṣe. S. Pit Corder, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1967, ya àṣìṣe tí ó wá láti inú ìmọ̀ tí kò tíì pé sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe tí ó wá láti inú àìfarabalẹ̀. Ó ní àṣìṣe ti àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí tí olùkọ́ lè fi mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé nínú ìrìn-àjò rẹ̀.

Bí a bá gba èrò méjèèjì yìí, ó di dandan kí olùkọ́ wádìí orísun àṣìṣe kí ó tó wá àtúnṣe sí i. Ibi tí àtòjọ méjì-méjì ti kùnà jù lọ nìyí, nítorí pé kì í béèrè orísun. Ìjọra lórí ìwé nìkan ni ó mọ̀.

4.0 Oríṣi Ìdàrúdàpọ̀ Mẹ́ta

4.1 Ìdàrúdàpọ̀ Ojú

Nínú oríṣi yìí, ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, kódà lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Lẹ́tà ni ó jọra. 'Quite' àti 'quiet' wà níbẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni 'angel' àti 'angle', 'diary' àti 'dairy', 'later' àti 'latter'. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí yóò pe 'quiet' bí ẹni pe 'quite'. Ọwọ́ ni ó ṣi lẹ́tà gbé, tàbí kí ojú fò ó. Àṣìṣe àìfarabalẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka gbólóhùn rẹ̀ sókè, kí ó sì ka ohun tí ó kọ gan-an, etí rẹ̀ yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀.

4.2 Ìdàrúdàpọ̀ Etí Gbogbo Ẹni Tí Ń Sọ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú oríṣi kejì, kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú ìró, ìbáà jẹ́ ní London ìbáà jẹ́ ní Ìlọrin. 'Principal' àti 'principle' wà níbẹ̀, pẹ̀lú 'stationary' àti 'stationery', 'meet' àti 'meat'. Etí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. Bákan náà ni ọmọ ṣe orí fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Yorùbá.

Ìtàn ni ó bí oríṣi yìí, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà bí i. Lọ́nà kìíní, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn yàtọ̀ nígbà kan rí wá di aláìyàtọ̀. Wọ́n ti máa ń pe lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ 'knight' rí. Fáwẹ́lì 'meat' náà kò sì rí bíi ti 'meet' nígbà náà. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster ní 1476, nígbà tí ìyípadà ńlá ń bá àwọn fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé títẹ̀ mú kí sípẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹnu kò dúró. Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi sípẹ́lì pín sí méjì. 'Flower' àti 'flour' jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà kan. Samuel Johnson kò tilẹ̀ ya 'flour' sọ́tọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ tí ó jáde ní 1755. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'metal' àti 'mettle', àti 'discreet' àti 'discrete'.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ níbí: oríṣi yìí ni àtòjọ méjì-méjì wúlò fún jù lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ojú nìkan ni ó lè mọ ìyàtọ̀, kò burú kí a fi ojú kọ́ ọ, lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láyè ara rẹ̀.

4.3 Ìdàrúdàpọ̀ Etí àti Ẹnu Ọmọ Yorùbá

Oríṣi kẹta ni àwọn ìwé tí a kọ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ̀. Kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún àti fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni èdè Yorùbá ní. Kò sí àfúnnupè akùnyùn kankan láàrin kọ́ńsónáǹtì náà. Nítorí náà, ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ 'van' a di ti 'fan' lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ 'zip' a sì di ti 'sip'. Ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ 'thin' a di ti 'tin'. Ti 'then' a di ti 'den'. Yorùbá kò sì fi fáwẹ́lì 'sit' àti ti 'seat' ṣe ìyàtọ̀ ìtumọ̀.

Àbájáde èyí pọ̀. Ìró ìparí 'advice' àti ti 'advise' yàtọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n 'adifáìsì' ni méjèèjì lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ ni 'price' àti 'prize', bẹ́ẹ̀ sì ni 'loose' àti 'lose'. 'Live', 'leave' àti 'leaf' a di 'líìfù' kan ṣoṣo. 'Ship', 'sheep', 'chip' àti 'cheap' a di 'ṣíìpù'. Àtòjọ tí ó bá sì to ọ̀rọ̀ ní méjì-méjì kò lè gba mẹ́rin tí ẹnu ti sọ di ọ̀kan. Ẹ̀ka-èdè tún ní ipa tirẹ̀: ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń fi /s/ pe /ṣ/, 'shave' àti 'save' lè di ọ̀kan náà, ní àwọn àdúgbò mìíràn, /h/ a máa sọnù lára 'hair', a sì máa wọlé sára 'air'.

Èyí kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà jẹ́ àìsàn. Ayọ̀ Bámgbóṣé ti jíròrò ní 1998 lórí bí a ṣe wà láàrin ìlànà ti òkèèrè àti èyí tí a ń lò ní ilé, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé ẹnu lè yàn bí ó ṣe fẹ́ pe 'live', ṣùgbọ́n ìwé kò fún ọwọ́ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ 'leave with my uncle' ti sọ ohun mìíràn: òǹkàwé yóò gbà pé ṣe ni òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ jọ fẹ́ kúrò níbẹ̀.

5.0 Àléébù Àwọn Òfin Àkọ́sórí

Àtòjọ kì í dá wá. Òfin kéékèèké a máa bá a rìn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni pé 'affect' jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, 'effect' sì jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Òfin yìí tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ pátápátá. 'Effect' jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tí ó bá túmọ̀ sí kí a mú nǹkan ṣẹ: lẹ́tà ilé ìfowópamọ́ a máa sọ pé kí a 'effect payment'. Ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni 'affect' lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé òfin náà yóò fa igi pupa sára gbólóhùn tí ó tọ̀nà nígbà tí òun náà bá di olùkọ́. Àléébù tí ó burú nìyí, nítorí pé ó ń ti ìran kan bọ́ sí òmíràn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé 'principal' jẹ́ 'pal' akẹ́kọ̀ọ́, àti pé lẹ́tà 'e' inú 'stationery' ni ti 'envelope'. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 'pal' lójoojúmọ́ lè rántí èyí. Ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ 'pal' kí ó tó lè fi kọ́ 'principal'. Ẹrù méjì ni a sọ ọ́ di. Àlàyé tí ó bá ètò èdè náà lọ sàn jù. 'Baker' ni ó bí 'bakery', 'grocer' ni ó bí 'grocery'. Lọ́nà kan náà, 'stationer', ẹni tí ń ta ìwé àti gègé, ni ó bí 'stationery'. Ìparí 'principal' ni ti 'national' àti 'central', nítorí pé ó lè yán ọ̀rọ̀-orúkọ. 'Principle' kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 'Complement' bá 'complete' tan. Irú àlàyé báyìí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n 'pal' kò ṣí ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn àtòjọ kan kì í sì í sọ àkọtọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Àkọtọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ya 'practice' tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára 'practise' tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní Amẹ́ríkà, 'practice' ni méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé láti orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò rò pé ọ̀kan nínú wọn ṣìṣe bí a kò bá là á yé e.

6.0 Ohun Tí Àkọtọ́ Yorùbá Lè Kọ́ Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá ní kí á to ọ̀rọ̀ ajọra jọ, èdè wo ni ó ní wọn tó Yorùbá? Ọkọ wà, ọkọ́ wà, ọkọ̀ wà, ọ̀kọ̀ sì wà. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í sì í ṣe ìgbà. Síbẹ̀, kò sí ìyá tí ó to ọkọ àti ọkọ́ sí apá méjì pátákó fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ gbọ́ ọkọ́ nígbà tí wọ́n ń roko, ó gbọ́ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìrìn-àjò. Nígbà tí ó bá dé ilé-ìwé, etí rẹ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ ni láti fi àmì ohùn sórí ìyàtọ̀ tí etí ti mọ̀. Láti ìgbà tí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, títí kan ìpàdé lórí àkọtọ́ tí ó wáyé ní Èkó ní 1875 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, wíwá bí ìwé yóò ṣe bá ẹnu mu ni ó jẹ àwọn aṣáájú lógún.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, etí ni ó ń ṣáájú, ìwé ni ó ń tẹ̀ lé e. Oríṣi kẹta tí a yẹ̀ wò lókè kò ní gbọ́ oògùn bí a bá ń fi sípẹ́lì wò ó nígbà tí etí kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Èkejì, olùkọ́ tí ó bá ń kọ Yorùbá sójú pátákó láìfi àmì sí i ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá irú ìdàrúdàpọ̀ kan náà sílẹ̀ nínú èdè tí kò yẹ kí ó ti wà.

7.0 Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́

Ọ̀nà kan kò wọjà. Fún oríṣi kìíní, kíkà sókè ni oògùn rẹ̀. Fún oríṣi kejì, kí a kọ́ni ní ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn títí yóò fi mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lára, kí èkejì wá tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, kí a tó wá fi wọ́n wéra pẹ̀lú àlàyé ìrísí wọn.

Fún oríṣi kẹta, kí olùkọ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń pe ìró náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí ó bá ń pe /s/. Kò ní gbọ́ kùnyùn-kùnyùn kankan níbẹ̀. Kí ó fi ahọ́n sí ibi kan náà, kí ó jẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ kùn. Ìró ìparí 'advise' nìyẹn. Láti /f/ ni yóò ti gba ọ̀nà kan náà dé ìró ìparí 'live'. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ máa pe ọ̀rọ̀ kan lára méjì, kí kíláàsì máa sọ èyí tí wọ́n gbọ́. Nígbà tí etí bá ti ya 'advice' kúrò lára 'advise', akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi wọ́n ṣe àwòṣe fún 'practice' àti 'practise', tí etí ẹnikẹ́ni kò lè yà.

Ní ti máàkì, olùkọ́ lè kọ 'O' sí ẹ̀gbẹ́ àṣìṣe ojú, 'G' sí ti etí gbogbo ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, 'Y' sí ti etí àti ẹnu Yorùbá. Bí ó bá ka iye tí ó wà lórí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Èyí sàn ju kí ó ní kí ọmọ kọ 'live' ní ìgbà ogún lọ, nítorí pé ogún 'live' tí a ń pè ní 'leave' kò kọ́ etí ní nǹkan kan.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ẹ̀kọ́ wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àṣìṣe mẹ́rin tí ó wà nínú gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ inú Ìfáàrà kì í ṣe ọ̀kan náà. 'Quite' jẹ́ ti ojú, 'principle' jẹ́ ti ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì, 'advice' àti 'leave' jẹ́ ti ìró tí Yorùbá kò ní. Àtòjọ méjì-méjì wúlò fún ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí ó sì ń fẹ́ ìránnilétí. Kò tó láti fi kọ́ ẹni tí ń kọ́ èdè náà lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó ń fi bírò pupa kan náà yí gbogbo rẹ̀ po ń fìyà ìró tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọmọ jẹ ọmọ. Kí ó tó gbé bírò náà, kí ó kọ́kọ́ ní kí ọmọ pe ọ̀rọ̀ náà sí òun létí.